Etí Ewé Bàbá Negishi

Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, ògiri yàrá ìjẹun wa gbọ́dọ̀ pupa. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó ṣòfin. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbà nílé ojúmọmọ yìí, ní ẹsẹ̀ òkè Aizu, kò sì sí ọdún kan tí ewé igi momiji oníka-méje, tí òtútù máa ń sọ di pupa, kò gun ògiri yẹn. Oṣù kẹsàn-án, ehoro àti òṣùpá. Oṣù kẹwàá, èso kaki tó pọ́n bí ọsàn. Oṣù kọkànlá, ewé pupa. Àwọn àgbà á ya pépà, wọ́n á gé e, wọ́n á ká a, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, àwa òṣìṣẹ́ á sì máa pariwo pé "Ó mà rẹwà o!" bí ẹni tí wọ́n sanwó ariwo fún. Wọ́n kúkú ń sanwó rẹ̀ fún wa.

Aṣírí kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe aṣírí. Bí mọ́tò bá ti gbé àwọn àgbà relé ní aago mẹ́rin, àwa tó kù sẹ́yìn á gbé àlùmọ́gàjí. Ewé tó wọ́, a ó gé e kó tọ́. Ehoro tí ojú rẹ̀ méjèèjì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó ṣí ọ̀kan, a ó gbé e síbi tó yẹ. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti ṣàn, a ó fi pépà mìíràn bò ó. "Gbígbá ilẹ̀" la máa ń pè é láàárín ara wa. Èmi gan-an ni ọ̀gá níbẹ̀. Ọwọ́ mi dá ṣáká, mo sì mọ̀ pé ó dá ṣáká, ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá Isogai, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tí ètè wọn kì í sinmi, mọ ohun tí à ń ṣe dáadáa.

"Mitsuyo, ehoro mi fi ojú kan ríran lánàá. Lónìí ó ti lójú méjì. Ṣé ó lọ rí dókítà ni?"

"Màmá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lẹ̀ ẹ́ o."

"Ẹn-ẹ́n. Orí mi ló ti dàrú nìyẹn. Ẹ máa tàn wá lọ."

Ìtàn Bàbá Negishi ni mo fẹ́ sọ. Negishi Tomekichi lorúkọ wọn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Iṣẹ́ wọn ni lílẹ pépà mọ́ ilẹ̀kùn, èyí tí à ń fà gbùrùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú gbogbo ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Odindi ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n bàbá náà kò fi jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan pépà. Sítáàṣì ni wọ́n ń rò lórí iná, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá. Nígbà tí wọ́n wá di ọ̀gá fúnra wọn, ìyàwó wọn, Kiyo, ló ń ro sítáàṣì fún wọn, ogójì ọdún ó lé. Kò sí ilé àlejò kan nílùú yìí tí ọwọ́ wọn kò dé ilẹ̀kùn rẹ̀. Màmá Kiyo kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Bàbá padà sídìí ìkòkò, wọ́n ń dá a rò.

Nínú oṣù kejì ọdún tí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, bí wọ́n ti ń fi omi rẹ ilẹ̀kùn kan kí pépà àtijọ́ lè ṣí, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu wọn, ẹsẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò padà tán. Ó ń gbọ̀n. Ìka kò mọ ìgbà tó yẹ kó le àti ìgbà tó yẹ kó rọ̀ mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Orie, obìnrin tó ń gbé ní Sendai. Òun ló mú wọn wá sọ́dọ̀ wa níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Mitsuyo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí bàbá mi. Oníṣẹ́ kan wà ní Yonezawa tó fẹ́ ra irinṣẹ́ wọn, búrọ́ọ̀ṣì mọ́kọ̀ọ̀kànlá àti tábìlì iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tà á. Wọ́n ní kí n ṣì mú sùúrù di ọjọ́ àlejò yín, tí ẹbí máa wá wo ewé lára ògiri. Wọ́n ní bí ọwọ́ yẹn bá lè ṣe ohun kan, ẹyọ kan péré, tí ojú kò ní ti àwọn láti kọ orúkọ sí, búrọ́ọ̀ṣì ò kúrò nílé. Bí kò bá lè ṣe é, kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ."

"Bó o bá wá kó o lọ ńkọ́?"

Orie wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n ní a jẹ́ pé àwọn náà ti tán nìyẹn."

Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ kìíní tí mo gbé pépà pupa àti àlùmọ́gàjí ọmọdé tí ẹnu rẹ̀ kò mú síwájú wọn, wọ́n fi ìka kan tì í sẹ́yìn.

"Kí lèyí?"

"Ewé momiji la fẹ́ gé, Bàbá."

"Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni Orie gbé mi wá ni?"

Màmá Isogai, tó mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń sunkún lẹ́yìn ìyá wọn, kò lè pa ẹnu mọ́. "Fi í sílẹ̀, Mitsuyo. Ọ̀gá onípépà! Pépà wá ń ba Tomekichi lẹ́rù."

"Màmá, ṣé ẹnu yín kì í rẹ̀ yín ni?"

"Eyín ló rẹ̀, ó ti lọ. Ẹnu ṣì wà. Gé ewé rẹ, jàre."

Wọn ò gé e. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi jókòó, tí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí ìtan, tí wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Àwọn yòókù ti gé tiwọn kún àtẹ. Mo ń ka ọjọ́ nínú mi, ara mi kò sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n pè mí. "Bu omi díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ kan wá."

"Omi?"

"Omi ni mo wí. Àbí omi náà ti di ohun tí wọ́n ń bi èèyàn léèrè?"

Wọ́n ti yọ búrọ́ọ̀ṣì tíńrín kan àti pépà pupa tiwọn láti inú àpò, pépà ìbílẹ̀ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, kì í ṣe èyí tí à ń rà ní páálí páálí. Mo gbé omi fún wọn, mo bá tèmi lọ. Àgbà mọ́kàndínlógún la ní lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ wẹ̀, wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n fẹ́ yàgbẹ́, ẹni tó máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ò sí. Mi ò fi ṣàwáwí o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀yìn Bàbá nìkan ni mo ń rí. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n wá, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fi tẹ̀ síwájú àwo omi yẹn, tí ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Màmá Isogai wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnu wọn pa mọ́. Ìyẹn nìkan ti tó kí n fura. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé, ọpẹ́ ni, ariwo ti dín kù.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣíwájú ọjọ́ àlejò, Bàbá gbé ewé kan sínú àtẹ. Wọ́n ti kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wò ó títí nípasẹ̀ gíláàsì ojú wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ mọ́tò.

Aago mẹ́rin kọjá, mo gbé àlùmọ́gàjí mi. Ewé Màmá Isogai, mo yọ ìka kẹjọ kúrò lára rẹ̀. Ewé ẹlòmíràn, mo tọ́ ọ. Mo wá kan ti Bàbá. Háà, àánú ṣe mí! Gbogbo etí rẹ̀ ló hu irun, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lára rẹ̀ yíká, bí etí aṣọ tí kò tíì rí abẹ́rẹ́. Mo ní, ẹ wo bí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ti ṣe fa pépà ya jákujàku. Mo rántí ọ̀rọ̀ Orie lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní bí ọmọ yìí bá rí ewé yìí bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ ti lọ nìyẹn, Bàbá náà ti tán. Mo jókòó, mo rọra gé irun yẹn kúrò lára ìka méjèèje, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, etí ewé mú bí abẹ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ògiri gan-an, ibi tí ojú á ti kọ́kọ́ bà á. Inú mi dùn sí ara mi débi pé mo ń kọrin relé.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré.

Ọjọ́ Àìkú, ẹbí rọ́ wá. A se ọbẹ̀ kókò ńlá, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń ya fọ́tò lábẹ́ ewé. Orie dé pẹ̀lú bàtà ìgboro rẹ̀. Bàbá fi ọ̀pá rìn lọ síwájú ògiri, mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn kí n lè gbọ́ ìyìn. Wọ́n wá ewé wọn, wọ́n rí i. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún, wọ́n tún fi sójú. Wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka òsì tẹ̀ lé etí rẹ̀ lọ, láti ìka kìíní dé ìkeje.

"Bàbá, ó mà dáa gan-an!" Orie wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ti lé sí i lójú.

"Pe ọkùnrin Yonezawa yẹn."

"Kí ló dé? Ẹ wò ó dáadáa, ó—"

"Mo ti wò ó. Mo ní kó o pè é."

Wọn ò mu ọbẹ̀. Mo rò pé ìgbéraga lásán ni, pé àgbà yìí kò mọ oore. Inú bí mi díẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ Ajé, àga wọn ṣófo. Màmá Isogai pè mí bí mo ti ń kó abọ́.

"Mitsuyo, irun ewé yẹn dà?"

"Irun wo?"

"Irun etí ewé Tomekichi. Mo dé iwájú ògiri, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Màmá, ó ti ya jákujàku ni. Mo bá wọn tún un ṣe."

Màmá Isogai wò mí, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. "Yéè. O gé e? Irun yẹn ni iṣẹ́, ìwọ obìnrin yìí! Ó fi omi fa ìlà, ó dúró kó rẹ, ó wá rọra fà á ya kí fọ́nrán lè yọ gígùn, kí ó má já. Ó ní bí irun bá wà létí, pépà méjì á wọnú ara wọn, o ò ní rí ojú oríkèé. Èyí tí wọ́n fi irin gé, ojú ẹ̀ á hàn, ibẹ̀ náà ni á sì kọ́kọ́ ṣí. Ó ní iṣẹ́ ọmọ ọjọ́ kìíní ni irin. Ewé mẹ́rìnlá ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó rí ẹyọ kan yẹn mú."

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí sísun, àpò ṣì wà níbẹ̀. Mo tú u, mo fọwọ́ wá a láàárín ewé tíì àti èèpo kaki, mo rí wọn: etí onírun pupa méje, ọ̀kan láti ara ìka kọ̀ọ̀kan, ó ká kóńkó. Mo dì wọ́n sínú áńkáṣífù mi.

Hanaoka, ọ̀gá ilé ìtọ́jú wa, tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ, gbọ́ ọ, ó sì mi orí. "Ẹ má sọ ọ́, Àǹtí Mitsuyo. Bí ẹbí kan bá gbọ́ pé à ń gé iṣẹ́ àwọn òbí wọn lẹ́yìn, gbogbo ẹbí ló máa bi wá. Ọ̀rọ̀ á balẹ̀ tó bá yá."

Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n Orie ti sọ fún mi lórí fóònù pé Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin Yonezawa ń bọ̀. Ọjọ́rú ni ìsinmi mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Orie ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti to búrọ́ọ̀ṣì mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí ìwé ìròyìn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, láti orí èyí tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì dé èyí tó rí tíńrín. Bàbá jókòó sórí ẹní, wọ́n kọjú sọ́gbà. Mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kan ilẹ̀, mi ò sì gbé e sókè.

"Bàbá, ewé yín. Èmi ni mo gé etí rẹ̀."

Mo tú áńkáṣífù náà síwájú wọn.

"Ìwọ?"

"Èmi ni."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Bàbá."

"Tún un sọ."

"Ọwọ́ yín kọ́. Èmi ni. Mo rò pé ó ya ni, mo fi àlùmọ́gàjí gé e."

Ìgbà yẹn ni ohùn wọn tó jáde. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo wo ewé yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, mo mọ̀ pé ó dáa. Mo dé iwájú ògiri lọ́jọ́ Àìkú, mo rí etí ọmọ ọjọ́ kìíní, orúkọ mi lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní, Tomekichi, o ti gọ̀ débi pé o ò mọ iṣẹ́ rere yàtọ̀ sí radaràda mọ́. Kí ọwọ́ kú, mo lè gbà á. Ojú tó bá ń purọ́ fún mi, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Ojú ni mo rò pé mo ti pàdánù!"

"Bàbá, ìfúnpá yín o," Orie ń wí.

"Jẹ́ kó ru!"

Mo sunkún. Orie sunkún. Bàbá kò sunkún. Wọ́n he irun pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn sórí àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n yí i síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Orie, kó búrọ́ọ̀ṣì padà síbi tí o ti kó wọn."

"Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ lọ́la, Bàbá. Mo ti sọ fún un."

"Kó máa bọ̀. A ó fún un ní tíì."

Mo ń dìde nígbà tí wọ́n pè mí. "Ìwọ. Ẹ̀bẹ̀ rẹ kò tíì wọlé o."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ yẹn, máa tì í bọ àpò."

Ní oṣù kejìlá, kí ọdún tó yípo, kò sí ilé tí kì í pààrọ̀ pépà ilẹ̀kùn. Tiwa kò ju mẹ́rin lọ, nínú yàrá ìsinmi. Bàbá ní kí a fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn, kí Mitsuyo sì wá ro sítáàṣì. Mo rò ó, ó ní kókó. Mo tún un rò, ó tún ní kókó.

"Adìẹ lo fẹ́ fún jẹ ni?"

"Tomekichi, dá obìnrin yìí sí, ó ti jìyà tó," Màmá Isogai wí.

"Kò tíì jẹ ìdajì."

Ìgbà kẹrin ni wọ́n tó gbà á. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ìdajì wákàtí ṣe tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ kan láti ilé ń lọ, ó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta, pépà jókòó, ó funfun, ó nà. Níbi igun ìsàlẹ̀ lápá òsì nìkan ni ó ti ká, kò gùn ju ìka kan lọ. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta. Bàbá wo ilẹ̀kùn, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ.

Èmi nìkan ló kù, mo ń gbálẹ̀, gbígbá ilẹ̀ tòótọ́. Igò tí à ń fi fọ́n omi wà lójú fèrèsé. Ẹni gbogbo ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: omi díẹ̀, kó o rọra fà á, tó bá gbẹ á nà. Ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo fi igò sílẹ̀ níbi tó wà, mo gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, mo pa iná, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá sọ̀kalẹ̀ látinú mọ́tò, wọn ò bọ́ ẹ̀wù òtútù, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba yàrá ìsinmi lọ tààrà, wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ títí wọ́n fi kan igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Wọ́n fi ìka ọ̀tún wá ibi tó ká yẹn. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní kí n bu tíì wá fún àwọn.